QuantiFERON-TB Gold Plus: ìgò mẹ́rin tó ń bi ẹ̀jẹ̀ léèrè bóyá ó ti pàdé ikọ́ ife rí

Ìgò kéékèèké mẹ́rin ni ọjà yìí. Ìdérí ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ eérú, èkejì aláwọ̀ ewé, ẹ̀kẹta aláwọ̀ ìyeyè, ẹ̀kẹrin aláwọ̀ àlùkò. Mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan péré ni wọ́n ń fà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Cellestis, ilé-iṣẹ́ kan ní Australia, ló kọ́kọ́ gbé irú àyẹ̀wò yìí jáde. QIAGEN ra ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún 2011, ẹ̀yà tó wà lọ́jà báyìí, èyí tí wọ́n fi "Plus" kún orúkọ rẹ̀, sì gba àṣẹ FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2017. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ nílé ìwòsàn ní Houston tàbí London á ti gbọ́ nípa irú àyẹ̀wò yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni òbí tó ń mú ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rìnlá lọ fún àyẹ̀wò físà ìṣílọ sí Amẹ́ríkà, torí pé irú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ báyìí ni wọ́n ń béèrè fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti orílẹ̀-èdè tí ikọ́ ife ti pọ̀.

Èrò wa rèé: ọjà tó dára ni, ó sì dára ju Mantoux, abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ àtijọ́, lọ fún ẹni tó ti gba BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ife tí wọ́n ń fún ọmọ ìkókó, ìyẹn ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún la fún un. Ìràwọ̀ kan tó kù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó rọrùn láti bà á jẹ́ kó tó dé láàbù, àti nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé ìbéèrè tí kò lè dáhùn lọ bá a. Ohun tó lè sọ ni pé, "Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹni yìí ti bá kòkòrò ikọ́ ife pàdé rí." Kò lè sọ bóyá kòkòrò náà ń ṣọṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó ń rù, tó ń làágùn lóru, àyẹ̀wò yìí kọ́ ló nílò.

Láti mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Tí ẹni tó ní ikọ́ ife bá wúkọ́, ẹ̀kán omi tó kéré débi pé ojú kò lè rí i máa ń léfòó nínú afẹ́fẹ́ yàrá fún wákàtí mélòó kan. Ẹni tó bá fà á símú ń gbé kòkòrò Mycobacterium tuberculosis lọ sí ìpẹ̀kun ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké wà. Sẹ́ẹ̀lì tó kọ́kọ́ ń pàdé rẹ̀ níbẹ̀ ni makirofééjì, sẹ́ẹ̀lì ńlá tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé ohunkóhun tó bá wọlé láìgbàṣẹ mì. Ó sì ń gbé e mì lóòótọ́. Ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni pé kí àpò tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ àpò mìíràn tó kún fún ásíìdì àti àwọn èròjà tó ń jẹ kòkòrò rà. Ikọ́ ife ń dí ìdàpọ̀ yẹn lọ́wọ́. Ó jókòó sínú ẹni tó yẹ kó pa á, ó sì ń bí sí i níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í kánjú: ó ń gbà á tó 20 wákàtí kí ọ̀kan tó di méjì, nígbà tí kòkòrò E. coli lè ṣe tirẹ̀ láàárín 20 ìṣẹ́jú.

Ó ní ohun èlò kan lára tí wọ́n ń pè ní ESX-1, tó fi ń ti puroténì méjì jáde: ESAT-6 àti CFP-10. Àwọn méjèèjì wà lára ohun tó fi ń lu ògiri àpò náà láti bọ́ sí inú sẹ́ẹ̀lì gan-an. Ẹ fi orúkọ wọn sọ́kàn, torí pé àwọn náà ni olùṣe ọjà yìí fi sínú ìgò.

Irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn, dendritic, máa ń bù lára kòkòrò náà, á sì gbé e lọ sí àwọn kókó tó wà nínú àyà, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń dá kòkòrò mọ̀, ń gbé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ègé puroténì náà han sẹ́ẹ̀lì T lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí wọ́n á fi kan èyí tó dá a mọ̀. Tó bá ti dá a mọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í bí irú ara rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yanturu, àwọn ọmọ wọ̀nyí á sì padà sí ẹ̀dọ̀fóró. Gbogbo rẹ̀ ń falẹ̀. Láti ọjọ́ tí èèyàn fa kòkòrò náà símú títí di ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì T tó mọ̀ ọ́n á fi pọ̀ tó láti hàn nínú àyẹ̀wò, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́jọ. Ìdí rèé tí ẹni tó tọ́jú aláìsàn ikọ́ ife lánàá kò fi lè sáré lọ ṣe àyẹ̀wò lónìí kó sì fọkàn balẹ̀. Tí èsì àkọ́kọ́ bá jẹ́ nẹ́gétíìfù, a óò tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó ti rí aláìsàn náà gbẹ̀yìn.

Ohun tí sẹ́ẹ̀lì T tó padà dé ń ṣe ni èyí tí àyẹ̀wò náà ń wọ̀n. Ó ń tú íntáfẹ́rọ̀n-gámà jáde. Íntáfẹ́rọ̀n-gámà yìí ni àṣẹ tí makirofééjì ń retí: tó bá ti gbà á, á lè mú kí ásíìdì inú àpò náà pọ̀ sí i, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa kòkòrò tó ti ń bá a gbélé. Èròjà mìíràn, TNF, ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ sí i jọ, wọ́n á yí ibi tí kòkòrò wà ká, wọ́n á há a mọ́ àárín. Nínú ọ̀pọ̀ èèyàn, ibẹ̀ ló parí sí títí ayé. Nǹkan bí 5 sí 10 nínú 100 àwọn tó ní kòkòrò náà lára ni àìsàn á yọ sí lára nígbà ayé wọn, bí wọn kò bá lo oògùn. Kòkòrò HIV ń pa sẹ́ẹ̀lì T oríṣi CD4, ìdí nìyẹn tí ewu náà fi pọ̀ gan-an lára ẹni tó ní in. Oògùn tó ń dí TNF lọ́wọ́, irú infliximab àti adalimumab tí wọ́n ń fún àwọn tí oríkèé ń ro, ń tú ìhámọ́ yẹn ká. Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní í bẹ̀rẹ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife tó wà ní ìpamọ́ ná.

Lẹ́yìn ogun yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì T kan tó ń rántí kòkòrò náà ṣì máa ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ni a ń wá.

Ìgò eérú, tí wọ́n ń pè ní Nil, kò ní nǹkan kan nínú ju oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ó ń fi iye íntáfẹ́rọ̀n-gámà tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ hàn. Ìgò ewé, TB1, ní àwọn ègé gígùn lára ESAT-6 àti CFP-10, irú èyí tí sẹ́ẹ̀lì CD4 máa ń dá mọ̀. Ìgò ìyeyè, TB2, ní irú ègé gígùn wọ̀nyẹn pẹ̀lú àwọn kúkúrú fún CD8, sẹ́ẹ̀lì T tó ń pa sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí kòkòrò bá ti wọ̀. Ẹ̀yà àtijọ́ kò ní TB2, puroténì kẹta tó ń jẹ́ TB7.7 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti yọ ìyẹn kúrò. Ìgò àlùkò, Mitogen, ní èròjà kan tí wọ́n ń rí nínú ẹ̀wà pupa ńlá, phytohaemagglutinin. Òun ò bìkítà bóyá sẹ́ẹ̀lì T mọ ikọ́ ife tàbí kò mọ̀ ọ́n: bí ẹni tó kígbe "Olè!" láàárín ọjà ni, gbogbo ẹni tó wà láàyè ló gbọ́dọ̀ yíjú. Tí Mitogen kò bá mú kí íntáfẹ́rọ̀n-gámà lọ sókè, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti kú, tàbí agbára wọn ti lọ sílẹ̀, tàbí ẹnì kan ti ṣe àṣìṣe pẹ̀lú ìgò.

Ohun tó dára jù lọ lára ọjà yìí, BCG ló fà á. Calmette àti Guérin, àwọn tó ṣe BCG, fi ọdún mẹ́tàlá, láti 1908 sí 1921, gbin kòkòrò ikọ́ ife màlúù lórí ọ̀dùnkún, glycerine àti òróòro màlúù, wọ́n ṣí i nípò ní ìgbà 230, títí tó fi di aláìlágbára. Nínú gbogbo ìṣípò yẹn, apá kan jábọ́ lára ìwé àjogúnbá rẹ̀, RD1, ibẹ̀ gan-an sì ni ESAT-6 àti CFP-10 wà. Gbogbo BCG tí wọ́n ń fún ọmọ ìkókó ní Nàìjíríà títí di òní kò ní wọn. Nítorí náà àpá BCG tó wà ní apá òsì rẹ kò lè tan ìgò wọ̀nyí jẹ. Àwọn ìbátan ikọ́ ife díẹ̀ tó ń gbé nínú omi àti ilẹ̀ ní puroténì náà, Mycobacterium kansasii, marinum àti szulgai, wọ́n sì lè mú èsì pọ́sítíìfù wá, ṣùgbọ́n wọn ò wọ́pọ̀.

Ó kù síbi tí nǹkan ti ń bàjẹ́. Sẹ́ẹ̀lì alààyè la ń wọ̀n. Àyẹ̀wò ṣúgà lè fara da ìwà àìbìkítà díẹ̀, èyí kò lè fara dà á.

Ìgò gbọ́dọ̀ wà láàárín 17 sí 25 dígírì nígbà tí a bá ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i. Èyí tó wà nínú fíríìjì, ẹ gbé e jáde kó gbóná díẹ̀ ná. Èyí tó wà nínú búùtù ọkọ̀ lóòrùn, tàbí lórí pẹpẹ ní yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ti bàjẹ́: 25 dígírì ni òpin ibi tí wọ́n lè pa ìgò òfìfo mọ́ sí. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò parí iṣẹ́ lára ìgò, kì í ṣe lára páálí nìkan.

Ìgò wọ̀nyí ń fa ẹ̀jẹ̀ jẹ́jẹ́ ju èyí tí ọwọ́ ti mọ́ lára lọ. Ẹni tó ń kánjú á yọ ọ́ nígbà tó rò pé ó ti kún. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta sí i. Ìlà dúdú kan wà lára ìgò. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ẹ̀bá rẹ̀, láàárín 0.8 sí 1.2 mílílítà. Tí kò bá dé ibẹ̀, ẹ fa òmíràn. Bí ẹ bá ń lo abẹ́rẹ́ labalábá, èyí tó ní rọ́bà gígùn, ẹ kọ́kọ́ fi ìgò kan tí ẹ ò ní í lò fa afẹ́fẹ́ inú rọ́bà náà kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìgò àkọ́kọ́ kò ní í kún. Ìgò tó wọ́pọ̀ wà fún ilẹ̀ tí kò ga ju 810 mítà lọ. Èkó, Ìbàdàn, Cotonou, kò sí ìṣòro. Láàbù tó bá wà ní Jos, tó ga ju 1,000 mítà lọ, ní láti béèrè ìgò tí wọ́n kọ HA sí lára, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, ìgò lásán kò ní í fa ẹ̀jẹ̀ tó. Bí HA kò bá sí, ẹ fi sírínjì fà á, kí ẹ sì wọn mílílítà kan sínú ìgò kọ̀ọ̀kan.

Ibi mímì ìgò ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù lọ. Ègé puroténì náà ti gbẹ mọ́ ara ògiri inú ìgò. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá fọ gbogbo ògiri náà, wọn ò ní í yọ́, sẹ́ẹ̀lì T kò sì ní í rí nǹkan kan dá mọ̀. Ìgbà mẹ́wàá la ń mì ín lókè sódò, pẹ̀lú agbára tó pọ̀ tó kí ẹ̀jẹ̀ lè bo gbogbo inú rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹ́lì kan wà ní ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá mì ín bí ẹni ń po ògì á fọ́ ọ, èsì á sì dàrú. Ẹni tó bá kàn yí i lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀méjì bíi ti ìgò ẹ̀jẹ̀ lásán á bá Mitogen tó lọ sílẹ̀ pàdé lọ́jọ́ kẹta, wọ́n á sì tún pe aláìsàn padà wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, aago ń lọ. Láàárín wákàtí 16 ni ìgò náà ní láti dé inú ẹ̀rọ amúgbóná, inú ìwọ̀n ooru yàrá ló sì gbọ́dọ̀ wà títí di ìgbà yẹn. Wọn ò gbọ́dọ̀ kó o sínú yìnyín. Awakọ̀ tó bá ṣe inú rere, tó kó o pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀jẹ̀ mìíràn nínú kúlà, ti mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sùn. Bí láàbù bá jìnnà, ọ̀nà àbáyọ kan wà tí a kò rí kí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lò tó: ẹ fa mílílítà márùn-ún ó kéré tán sínú ìgò lithium heparin kan ṣoṣo. Ẹ lè fi ìyẹn sínú fíríìjì, láàárín dígírì méjì sí mẹ́jọ, fún wákàtí 48, kí láàbù tó wá pín in sínú ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fún ẹni tó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò, ìmọ̀ràn wa ni pé kó lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí kò sẹ́ni tó máa gbà á ní láàbù títí di ọjọ́ Ajé, owó tó sọnù ni.

Nínú láàbù, ìgò á dúró lóòró ní dígírì 37, kò gbọ́dọ̀ fi ju dígírì kan sún sókè tàbí sódò, fún wákàtí 16 sí 24. Bí kò bá jẹ́ lẹ́yìn ìfàjẹ̀ ni wọ́n gbé e wọlé lójú ẹsẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un mì ná. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi láàbù ní Nàìjíríà nìyí: tí NEPA bá mú iná lọ ní aago méjì òru, kí ló ń gbé ẹ̀rọ yẹn? Ewu tó wà níbẹ̀ kì í hàn lórí ìwé èsì. Èròjà inú Mitogen lágbára débi pé ó lè kọjá ààlà tirẹ̀ bí ooru bá tilẹ̀ lọ sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì tó ń rántí ikọ́ ife, tí wọn ò pọ̀, ti rẹlẹ̀ kọjá ààlà tiwọn. Èsì á jáde ní nẹ́gétíìfù tó dán mọ́rán. Láàbù tó ní inverter fún ẹ̀rọ amúgbóná rẹ̀, tó sì ń kọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀ ní gbogbo òru, ni ká náwó sí.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí ìgò fún ìṣẹ́jú 15, jẹ́lì á gòkè sí àárín sẹ́ẹ̀lì àti omi ẹ̀jẹ̀. Omi ẹ̀jẹ̀ yẹn lè dúró nínú fíríìjì fún ọjọ́ 28, nítorí náà ìkánjú parí síbẹ̀. ELISA, ọ̀nà tí wọ́n ń fi àwọ̀ wọn iye íntáfẹ́rọ̀n-gámà, ló kù: 50 máíkírólítà omi ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú 50 máíkírólítà èròjà aláwọ̀, wákàtí méjì, fífọ̀ ó kéré tán ìgbà mẹ́fà, èròjà tó ń mú àwọ̀ jáde fún ìṣẹ́jú 30, oògùn ìdádúró, kí wọ́n sì kà á láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé níhìn-ín ni fífọ̀: ihò tí wọn ò fọ̀ dáadáa á gbé àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, Nil á lọ sókè láìnídìí.

Ihò 96 ló wà lórí àwo kan. Ó kéré tán, mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ ti òṣùwọ̀n, ẹnì kan sì ń gba mẹ́rin, èèyàn 22 ni àwo kan gbà. Láàbù kékeré kò ní í ṣí àwo fún ẹnì kan. Wọ́n á kó omi ẹ̀jẹ̀ jọ títí tí èèyàn á fi pọ̀ tó. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé èsì á gba ọ̀sẹ̀ kan, ìdí rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe ọ̀lẹ.

Ní ti kíka èsì: ẹ má gba ìwé tó kàn kọ "Positive" tàbí "Negative". Ẹ béèrè nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òfin rẹ̀ kò le. Ẹ yọ Nil kúrò nínú TB1, ẹ yọ Nil kúrò nínú TB2. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá tó 0.35, tó sì tó ìdá mẹ́rin iye Nil, pọ́sítíìfù ni. Bí kò bá tó, tí Mitogen sì fi 0.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ju Nil lọ, nẹ́gétíìfù ni. Bí kò bá tó, tí Mitogen náà kò tó, wọ́n á kọ "Indeterminate". Bí Nil bá ju 8.0 lọ, bákan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é. Nil 0.08, TB1 0.21, TB2 0.47, Mitogen 9.6. TB1 ṣẹ́ ku 0.13, TB2 ṣẹ́ ku 0.39. Ọ̀kan ti kọjá 0.35, pọ́sítíìfù ni, ṣùgbọ́n pọ́sítíìfù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀. Òmíràn: Nil 3.2, TB1 3.9, TB2 3.8, Mitogen 10. Ìyàtọ̀ TB1 jẹ́ 0.7, ó ju 0.35 lọ, àmọ́ ìdá mẹ́rin 3.2 jẹ́ 0.8. Kò dé ibẹ̀, nẹ́gétíìfù ni. Ẹ̀kẹta: Nil 0.05, TB1 0.06, TB2 0.05, Mitogen 0.31. Indeterminate. Kò túmọ̀ sí pé ẹni náà ní ikọ́ ife, kò sì túmọ̀ sí pé kò ní in.

Irú àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera nílẹ̀ òkèèrè. Nọ́ńbà tó bá wà láàárín nǹkan bí 0.20 sí 0.70 lè kọjá ààlà lónìí kó sì padà sẹ́yìn lóṣù tó ń bọ̀, láìsí pé ohunkóhun yí padà nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni náà. Ìtọ́sọ́nà Amẹ́ríkà ti ọdún 2019 sọ pé òṣìṣẹ́ tí kò ní ewu kan pàtó, tí àyẹ̀wò rẹ̀ bá jáde ní pọ́sítíìfù, kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n tó gbà pé ó ní in. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ fi 0.39 gbé oògùn oṣù mẹ́rin lé yín lọ́wọ́ láìtún un ṣe, ẹ rán wọn létí. Àmọ́ ẹni tó gbé pẹ̀lú aláìsàn ikọ́ ife kò gbọ́dọ̀ fi ìtọ́sọ́nà yìí ṣe àwáwí, tirẹ̀ yàtọ̀.

Ní ìfiwéra, abẹ́rẹ́ Mantoux, èyí tó ti wà láti 1908, kò nílò láàbù. Wọ́n ń fi 0.1 mílílítà sí abẹ́ awọ apá, ó gbọ́dọ̀ wú bíi mílímítà mẹ́fà sí mẹ́wàá lójú ẹsẹ̀, ẹni náà á sì padà wá láàárín wákàtí 48 sí 72 kí wọ́n wọn ibi tó le, kì í ṣe ibi tó pọ́n. Kò wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àdàlù puroténì tó wà nínú rẹ̀ wà nínú BCG náà, ó sì lè ṣi ẹni tó ti gba BCG mú, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í padà wá fún wíwọ̀n. T-SPOT.TB, tí wọ́n ṣe ní Oxford, ń ka sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ka 250,000 sínú ihò kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì T kọ̀ọ̀kan tó bá tú íntáfẹ́rọ̀n-gámà jáde á sì fi àmì kan sílẹ̀. Nítorí pé iye sẹ́ẹ̀lì ti dọ́gba kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, òun la máa ń yàn fún ẹni tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ kò pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ láàbù rẹ̀ le jù. Èyí tó lè gba ọjà lọ́wọ́ gbogbo wọn nílẹ̀ wa ni abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ tuntun tí WHO fọwọ́ sí lọ́dún 2022, irú Cy-Tb ti Serum Institute of India: ESAT-6 àti CFP-10 kan náà ni, lábẹ́ awọ, láìsí ẹ̀rọ, láìsí iná mànàmáná. Ó ṣì nílò kí èèyàn padà wá.

Ta ló wá yẹ kó ra QuantiFERON? Ẹni tí ilé iṣẹ́ tàbí físà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń rẹ agbára ara sílẹ̀, ẹni tó gbé pẹ̀lú aláìsàn. Ní England, ẹni ọdún 16 sí 35 tó dé láti ìhà gúúsù Sàhárà láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn lè béèrè lọ́wọ́ GP, dókítà àdúgbò rẹ̀, nípa ètò NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba ibẹ̀, tó ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ló dé tí ẹ óò fi sanwó? Ẹni tó ní HIV àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó ń gbé pẹ̀lú aláìsàn kò ní láti dúró de àyẹ̀wò rárá kí wọ́n tó gba oògùn ìdènà, níwọ̀n ìgbà tí dókítà bá ti rí i pé àìsàn náà gan-an kò sí lára wọn. Ẹni tó ń wúkọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni kó gbé lọ fún GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò ikọ́ ife fúnra rẹ̀, ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀fẹ́ ni ní Nàìjíríà, oògùn rẹ̀ náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Láti ọdún 2011 ni WHO ti sọ pé kí àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa má fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí wá àìsàn tó ń ṣọṣẹ́ lọ́wọ́, síbẹ̀ àwọn láàbù aládàáni kan ṣì ń tà á bẹ́ẹ̀.

Bí pọ́sítíìfù bá jáde, fọ́tò àyà àti ìbéèrè nípa ara ló kàn. Bí ìyẹn bá mọ́, oògùn ìdènà ló kù: isoniazid àti rifapentine lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, tàbí rifampicin lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́rin. Ìtọ̀ á pọ́n bí omi ọsàn pẹ̀lú èyíkéyìí nínú wọn, ẹ má jáyà. Obìnrin tó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí pé àwọn oògùn wọ̀nyí ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Ẹ má sì tún QuantiFERON ṣe lẹ́yìn oògùn láti wò ó bóyá ó ti lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T náà ṣì ń rántí, pọ́sítíìfù lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé tó fi hàn pé ẹ parí oògùn ni ẹ óò máa gbé kiri.

Ohun kan tí nọ́ọ̀sì máa ń gbàgbé láti béèrè: ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára oníkòkòrò-alààyè, irú MMR tàbí ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, lè rí èsì tó lọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, tàbí kí wọ́n dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹni tó sì ti ṣe Mantoux tẹ́lẹ̀, kó jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, torí pé abẹ́rẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ lè ta sẹ́ẹ̀lì T jí.